Bàtà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Yéjídé

Bí ẹ bá rí sùtánà funfun kan ní Peckham, nílùú òyìnbó, tí ìṣẹ́tí rẹ̀ gún régé, tí apá kan kò gùn ju apá kejì lọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè, Yéjídé ló rán an. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, awò ojú rẹ̀ sì ń nípọn sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ló sì ti ń rán aṣọ àdúrà fún gbogbo Ìjọ Òkè Ìwẹ̀nùmọ́, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dórí Olùṣọ́ Kóyọ̀dé tó jẹ́ olórí ìjọ. Ó mọ ìbú èjìká gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó ń sanra tó sì ń sọ fáyé pé ààwẹ̀ lòun ń gbà.

Òfin kan ṣoṣo ló ní nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín dúró nínú rẹ̀, láìwọ bàtà. Nínú ẹ̀sìn wọn, ẹni tó wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà, nítorí náà ẹni tó bá fi bàtà wọn aṣọ, aṣọ á máa wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e lọ́jọ́ ìsìn bí ìrù. Ohun kejì tí ẹ̀sìn náà fi kọ́ wọn ni pé ibi tí a bá ti bọ́ bàtà, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ bàtà yìí sọ́kàn, nítorí òun ló dá gbogbo ìjà tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀.

Ilé Yéjídé ni ìjọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ tètè sọ ìyẹn, torí àwọn kan wà tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Nígbà tí òun àti Olúbáyọ̀ ọkọ rẹ̀, tó ti dolóògbé báyìí, ń gbé ní North Peckham Estate kí wọ́n tó wó o, ìjọ aláṣọ funfun kan ní Deptford ni wọ́n ń lọ. Òfin ló kún ẹnu àwọn àgbà ibẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe àdúrà nínú ilé láìgba àṣẹ. Kóyọ̀dé, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí eegun yọ lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà, bá wọn jiyàn lórí ẹ̀. Wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìbáwí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ti máa ń fi aṣọ ilé jókòó. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Olúbáyọ̀ àti Yéjídé dìde, wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Pálọ̀ wọn ni wọ́n ti ń jọ́sìn láti ọjọ́ náà. Àwọn tó ń wá pọ̀ débi pé bàtà wọn tò lọ lórí báálíkónì títí kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, aládùúgbò sì fi ẹjọ́ wọn sùn ní kánsù tó ni ilé. Kóyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló lọ dá kánsù lóhùn. Ó ní kò sí òfin tó ní kí Ọlọ́run má wọ inú flat. Títí dòní, bí Yéjídé bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà wá ń lọ. Wọ́n wó ẹ́sítéètì náà, kánsù gbé Yéjídé sí ilé tuntun tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ níbi tí kò jìnnà síbẹ̀, ìjọ sì gba ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan lẹ́yìn Rye Lane. Kóyọ̀dé di Olùṣọ́. Ọrùn rẹ̀ kún, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìtàn.

Ìtàn tó wọ̀ ọ́ lára jù lọ ni ti àwọn Púrítánì. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ará England ayé àtijọ́, tí wọ́n sọ pé ẹ̀sìn ìlú àwọn kò mọ́ tó, pé ohun tí kò bá sí nínú Bíbélì, kí a gé e sọnù. Ọba àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n lára, wọ́n gbé wọn sẹ́wọ̀n, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníwàásù wọn. Nígbà tó sú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọkọ̀ òkun, wọ́n gba Amẹ́ríkà lọ, láti lọ tẹ ìlú kan dó tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan yóò máa jẹ́ òfin níbẹ̀. Olùṣọ́ Kóyọ̀dé a máa sọ ìtàn yìí lórí pẹpẹ títí òógùn á fi bò ó. Á ní, “Àwa ni Púrítánì ti Peckham.” Ìjọ á ní àmín.

Ó tiẹ̀ kó wọn lọ sí Rotherhithe lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n lọ wo etí odò tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti gbéra ní ọdún 1620. Kò jìnnà, bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀. Obìnrin òyìnbó kan tó ń mú àlejò yí ká ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn tó bá ọkọ̀ yẹn lọ fẹ́ kúrò nínú ìjọ England pátápátá ni, pé àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, tí wọ́n tẹ Boston dó, ni Púrítánì gan-an, àwọn tó fẹ́ fọ ìjọ náà mọ́ láti inú. Ó ní ọ̀kan lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni aṣọ funfun gbọọrọ tí àwọn àlùfáà ń wọ̀. Ó ní àwọn Púrítánì kò fẹ́ fojú rí i, wọ́n ní àkísà Póòpù ni.

Obìnrin náà kò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, torí aṣọ ilé ni gbogbo wọn wọ̀ wá. Adéníkẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Brockley, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Olùṣọ́ ní ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe, pé kò sẹ́ni tó pé. Yéjídé wá béèrè lọ́wọ́ òyìnbó náà pé ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n lọ tẹ̀ dó. Ó ní àwọn onílé wà níbẹ̀, pé àìsàn ti pa púpọ̀ nínú wọn kí ọkọ̀ tó dé, pé àwọn tó ṣẹ́kù kọ́ àwọn àlejò ní bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n nígbà tó yá àwọn àlejò fi ogun gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Yéjídé tún béèrè pé àwọn ará wọn tí kò bá gbà pẹ̀lú wọn ńkọ́? Obìnrin náà ní wọ́n lé wọn jáde nílùú. Olùṣọ́ ní oúnjẹ tí wọ́n gbé wá ti ń tutù, ó yá kí wọ́n máa lọ.

Bí Yéjídé bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìdáhùn yẹn a máa padà wá bá a. Àwọn tí wọ́n lé, tí àwọn náà tún wá ń lé ẹlòmíràn. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó, gbogbo wa ló mọ ìyẹn. Ohun tí kò yé Yéjídé ni pé ẹni tí wọ́n nà ló tún gòkè àjà lọ mú pàṣán náà wá.

Adéníkẹ́ ló mú ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ìtàn àwọn òyìnbó. Ìju ń bẹ nínú rẹ̀, èyí tí dókítà ń pè ní fáíbúróòdù, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dá lára rẹ̀. Òfin ìjọ ni pé obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọlé títí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Òfin yẹn bá àwọn obìnrin tó kù lára mu díẹ̀, torí tiwọn a máa lọ, a máa bọ̀. Ti Adéníkẹ́ kò lọ. Ó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, ọsibítù ń sún un síwájú, òun náà sì ń jókòó lórí àtẹ̀gùn ìta ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó ń gbọ́ ìwàásù láti inú ihò ilẹ̀kùn. Òjò bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ kan. Yéjídé yọjú, ó rí i tó fi báàgì bo orí, tó ń kọrin tí wọ́n ń kọ nínú ilé. Inú bí Yéjídé gidigidi. Kò padà wọlé. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ sílé wa.”

Báyìí ni ìpàdé Ọjọ́bọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀. Adéníkẹ́ wá, àwọn tí iṣẹ́ ìtọ́jú máa ń gba ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ wọn wá, àwọn tí nǹkan oṣù wọn dé wá. Àwọn kan kàn fẹ́ béèrè nípa ìwàásù ohun tí wọn kò lè béèrè lójú Olùṣọ́ ni. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á jókòó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká. Yéjídé a máa ka ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ tó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ Jésù. Ó ní òun tó ń rán ìṣẹ́tí mọ̀ ọ́n: ìṣẹ́tí ló ń sún mọ́ ẹrẹ̀ jù lára aṣọ, òun ló kọ́kọ́ ń dọ̀tí, ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn sì gbà wá.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pamọ́. Ó dé etí Olùṣọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó gun pẹpẹ, ó ní òun fẹ́ sọ ìtàn obìnrin Púrítánì kan fún wọn, Anne lorúkọ rẹ̀, pé kí ẹni tó létí gbọ́. Ó ní agbẹ̀bí ni, pé ó bá ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé Boston, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin jọ sínú ilé rẹ̀ láti máa yẹ ìwàásù àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wò. Gómìnà àti àwọn oníwàásù pè é sí ilé ẹjọ́. Ó lóyún nígbà náà, ó dúró níwájú gbogbo wọn, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá wọn lóhùn. Wọ́n lé e kúrò nílùú. Nígbà tó pẹ́, níbi tó sá lọ, àwọn onílẹ̀ tí ogun ti sú pa òun àti púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. “Ẹ wo ibi tó parí sí,” ni Olùṣọ́ wí, ó sì wo ibi tí Yéjídé jókòó sí.

Àṣìṣe tí Olùṣọ́ ṣe lọ́jọ́ náà, irú èyí tí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ju bó ti yẹ lọ máa ń ṣe ni. Ó rò pé òun ń dẹ́rù bà á. Yéjídé kò gbọ́ ti ikú rárá. Ohun tó gbọ́ ni pé obìnrin kan wà tó lóyún, tó dúró láàárín àwọn ọkùnrin tó ní agbára ìlú lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ kò sì wọlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gidi. Ó ń lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n kí láti ọ̀nà jíjìn.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kó wá rí àwọn àgbà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé ó sọ pálọ̀ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rí tí wọ́n sì mú ni bàtà: ẹni kan kọjá lọ́jọ́bọ̀, ó rí bàtà àwọn obìnrin lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á gba sùtánà rẹ̀, wọ́n á sì fi í sórí bẹ́ǹṣì ìbáwí. Ẹ̀rù ba Yéjídé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n fi sin ìyá rẹ̀, òun ni wọ́n fi sin Olúbáyọ̀, Yéjídé náà ti rán èyí tí wọ́n máa fi sin òun, ó wà nísàlẹ̀ àpótí. Bí wọ́n bá ti fi í sábẹ́ ìbáwí, kò ní lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Tọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, rí ọ̀nà àbáyọ kíá. Ó ní, “Mummy, just tell them it's because of the carpet. Gbogbo Nigerian ló ń bọ́ shoes nílé. It's not even a lie, innit?”

Kì í sì í ṣe irọ́ lóòótọ́. Kápẹ́ẹ̀tì náà mọ́, ó funfun díẹ̀ bíi wàrà, kò sì sẹ́ni tó ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́, títí kan ọkùnrin tó wá tún bọ́ílà omi gbígbóná ṣe. Yéjídé gbé ọ̀rọ̀ náà wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó rí bí ọ̀nà náà ṣe rọrùn tó.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn àgbà jókòó níwájú pẹpẹ, òun dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀, Adéníkẹ́ wà lórí àtẹ̀gùn ìta bó ṣe máa ń wà. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fa Bíbélì yọ, wọ́n ní adìẹ funfun ni kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Olùṣọ́ kò sọ púpọ̀. Níkẹyìn ó gbójú sókè, ó ní, “Mummy Tọ́lá, bàtà tí wọ́n rí yẹn. Àbí torí carpet ni?”

Yéjídé mọ̀ pé okùn ló jù sí òun. Bẹ́ẹ̀ ni péré, gbogbo rẹ̀ tán, kálukú á lọ jẹun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí kápẹ́ẹ̀tì ni, a jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì lásán ni Adéníkẹ́ ń jókòó sí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn. A jẹ́ pé ìta ló ṣì wà.

Ó ní, “Rárá o, Olùṣọ́. Kì í ṣe torí carpet. Ilẹ̀ mímọ́ ni. Bó ṣe jẹ́ nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn yín ní Deptford, tí ẹ wá sunkún sínú pálọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà. Mi ò ní tì í pa.”

Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ náà kó sì lọ jókòó sẹ́yìn. Ó fi àáké kọ́rí. Ó ní òun ló ra aṣọ rẹ̀, òun ló gé e, òun ló rán an, ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọ kó wá bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Ó rìn kọjá bẹ́ǹṣì náà, ó mú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ kejì sí Adéníkẹ́, àwọn méjèèjì sì jáde sí Rye Lane.

Ẹ wò ó bí ẹ bá lè wò ó: ìyá àgbà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, láàárín àwọn tó ń ra ẹja àti àwọn tó ń pe èèyàn wá dirun. Ilẹ̀ tutù, omi yìnyín ẹlẹ́ja ń ṣàn lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan béèrè bóyá ara Mummy yá. Ó ní ara òun kò tíì yá tó báyìí rí. Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ti dúdú kó tó délé, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kò fẹ́ kí ó tètè mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Sùtánà tuntun Olùṣọ́ wà lórí tábìlì Yéjídé. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn án sí ipò tó ga sí i, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Nàìjíríà, kò sì sí aṣọ mìíràn. Tọ́lá ní kí ìyá òun jù ú sínú bíìnì. Yéjídé ní iṣẹ́ ọwọ́ òun kò ṣẹ òun. Ó rán an parí, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́. Nígbà tí Ojúọlá, ìyàwó Olùṣọ́, fi ẹ̀rọ ìléwọ́ béèrè bóyá ẹnì kan lè wá gbà á, Yéjídé fi sùúrù dá a lóhùn pé ìṣẹ́tí nìkan ló kù, pé Ojúọlá náà mọ òfin iṣẹ́ òun, ẹni tó ni aṣọ ló gbọ́dọ̀ wá dúró nínú rẹ̀. Kó wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwọn tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn Yéjídé wá kún àwọn tó ń wá tẹ́lẹ̀, bàtà sì kún ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú ọ̀nà, bàtà iṣẹ́, sálúbàtà, bàtà òjò. Wọ́n ti ń kọrin nígbà tí aago ilẹ̀kùn dún. Yéjídé ló ṣí i. Olùṣọ́ Kóyọ̀dé ló dúró síbẹ̀, bàtà aláwọ rẹ̀ ń dán. Ó wo àwọn bàtà tó wà nílẹ̀ pẹ́. Ó wo ẹ̀yìn Yéjídé, ó rí Adéníkẹ́ tó jókòó sáàárín pálọ̀ nínú aṣọ funfun.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Mo wá fún wíwọ̀n aṣọ ni, Mummy.”

Yéjídé kò pè é ní Olùṣọ́. Orúkọ tó ń pè é ní North Peckham ló pè é.

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí wíwọ̀n lo máa fi bọ́ bàtà yẹn, Kóyọ̀dé. Kì í sì í ṣe torí carpet. Bó o bá mọ ohun tó fà á, bọ́ ọ kó o wọlé. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, màá gbé aṣọ rẹ fún ọ níbí, bó ṣe gùn tó yẹn ni wàá wọ̀ ọ́ lọ síwájú àwọn àlejò rẹ.”

Ọkùnrin náà wo títì, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Orin ń lọ nínú ilé, wọn kò dúró dè é. Nígbà tó ṣe, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀, okùn náà sì ta kókó. Yéjídé di ilẹ̀kùn mú, ó dúró tì í. Kò ràn án lọ́wọ́.